Silas àti Hítà Tí Kò Mọ "Ó Tó"

"Mọ̀mọ́, èmi tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí ni mo pa oòrùn ní Ìlárá-Mọ̀kín fún odindi ọjọ́ méjì, kí wọ́n lè ráyè kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ẹ bi wọ́n léèrè! Kí wá ni hítà lásánlàsàn?"

Silas ló ń sọ̀rọ̀, lẹ́nu géètì Ìyá Ẹniọlá nílùú Oǹdó, àpò irinṣẹ́ léjìká. Àkúrẹ́ ló ti wá. Irọ́ rẹ̀ ga ju òkè Ìdànrè lọ, ṣùgbọ́n ó ń pa á bí ẹni ń ka Bíbélì.

Ìyá Ẹniọlá bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìyà ayé SAP, ètò ìjọba tó sọ owó náírà di yẹpẹrẹ, ti lé Ẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, lọ sílùú òyìnbó. Ilé náà tóbi, ẹnu kan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àwọn òròmọdìyẹ yàrá ẹ̀yìn nìkan ló ń dá a lóhùn, àwọn náà ni yóò sì tà jẹun bí wọ́n bá dàgbà. Hítà gbọọrọ méjì tí ọkọ rẹ̀ gbé ti òkè òkun dé, tí wọ́n kàn mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, ló fi ń mú wọn móoru nínú ọyẹ́.

Láti ìjẹta ni hítà ti ya aláìgbọràn. Bọ́tìnnì kan ló ń darí méjèèjì. Ìyá yí i wálẹ̀ pátápátá, hítà ń gbóná lọ. Aláǹgbá ara ògiri ń fi ìrù fẹ́ ara rẹ̀! Bí ó bá fa fíúsì yọ, òtútù a máa pa òròmọdìyẹ. Bí ó bá dá a padà, ooru a gbà á ṣe. Ó ti sin òkú púpọ̀ nínú wọn sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Silas wọlé, ó gbé etí lé hítà bíi dókítà.

"Hẹ̀ẹ̀! Wèrè ti wọnú irin yìí. Mo gbọ́dọ̀ gbé méjèèjì lọ Àkúrẹ́. Bí wọ́n bá sùn níbí mọ́jú, Oǹdó á jó dé ààfin!"

"Ìgbà wo lẹ máa gbé wọn padà?"

"Kí iyán tó tutù, mà!"

Iyán! Ó pẹ́ tí obìnrin yìí ti gún iyán ẹni méjì. Ó gún un lọ́jọ́ náà. Silas ń gbé òkèlè tó tó orí ọmọ tuntun mì, ó ń purọ́, ìyá ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má bèèrè ohun tó bèèrè.

"Ọ̀gá Silas, ta ló sọ fún yín pé hítà mi ò kú mọ́?"

"Gbogbo àdúgbò ni. Ẹ mọ ẹnu ayé, mà. Àwọn tẹ́ ẹ sọ fún ló ń sọ ọ́ kiri."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá. Àwọn tí òun sọ fún? Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kò bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀ àfi adìyẹ. Ẹnìkan ṣoṣo ló wọlé, níjẹta: onífìlà kan, dígí dúdú lójú, tó ní òun wá wo mítà iná ní yàrá ẹ̀yìn.

Ìyá dìde. Ó jáde, ó ti géètì pa, ó fa fíúsì, ó fi ọ̀bẹ ìjẹun tú ìdérí bọ́tìnnì. Ibi tó yẹ kí iná ti máa gé fúnra rẹ̀ bí yàrá bá gbóná tán, wọ́n ti fi wáyà tuntun dè é pa. Ó já wáyà náà, ó dá fíúsì padà. Ó yí bọ́tìnnì wálẹ̀. *Kẹ́!* Hítà kú. Àwọn òròmọdìyẹ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ rọra jókòó.

Ó padà wọ pálọ̀, wáyà lọ́wọ́.

"Silas, dìde. Kí lèyí?"

"Iṣan hítà ni, mà."

"Ìwọ lo wá wo mítà."

"Èmi kẹ̀? Bọ́lọ́rundúró ni mo wà níjẹta!"

"Ta ló dárúkọ ìjẹta fún ẹ?"

Silas dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ dákun, mà. Èmi ni mo dè é. Ẹnìkan tó ń sin adìyẹ ní Àkúrẹ́ ló fẹ́ ra hítà lọ́wọ́ mi. Ilé ńlá báyìí, mo rò pé èrò á kún ọ̀dọ̀ yín ni. Mo rò pé ẹ máa ti sọ fún èèyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá ju olè jíjà lọ. Ó la ẹnu láti ké "Olè!" Láyé ìgbà náà, bí o bá ké e, táyà àti bẹntiróòlù á ti dé kí ọlọ́pàá tó wọ bàtà. Ó pa ẹnu dé.

"Sá," ló wí.

Silas fo ògiri ọgbà bí ẹni tí ìjì gbé, irinṣẹ́ ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá Ẹniọlá dúró ti abọ́ iyán méjì, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú títì, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.