Oṣù Inú Àgọ́

Orí nìkan ni Tìrìmísíyù kọ́kọ́ rí. Ìyókù ara ọmọbìnrin náà ti rì sínú tapólì dúdú tó ń rán, òwú wà láàárín eyín rẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń ta sí i níwájú orí. Ní ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀, ní Ìkòròdú, ni, lọ́dún 2006. Ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń rán níbẹ̀. Kì í ṣe ibi tí olùkọ́ ti ń wá ìyàwó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó ní. "Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rán ojú ọ̀run."

Ọmọbìnrin náà yọ òwú lẹ́nu. "Táyà mélòó ni ọkọ̀ náà ní?"

Tìrìmísíyù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní àga. Ọmọ Ìwó ni, ó gba yàrá ní Ìkòròdú, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní jọ́gíráfì. Ó ṣàlàyé pé àgọ́ ni òun ń fẹ́, èyí tó rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí inú rẹ̀ á ṣókùnkùn birimù. Fáànù ni yóò máa fẹ́ ẹ kó lè wú. Òun á tan iná sínú agolo ńlá kan tí òun ti lu wẹ́wẹ́, ìràwọ̀ á sì kún òkè àgọ́ lọ́sàn-án gangan.

"Ṣé ìràwọ̀ tòkè ò tó wọn ni?"

"Òbí wo ló máa jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé olùkọ́ jáde lóru? Mo ti ya ìràwọ̀ sójú pátákó títí ó ti sú mi. Wọn ò mọ̀ pé ó ń rìn. Nínú àgọ́, wọ́n á rí ìrìn oṣù kan gbáko lórí ìjókòó kan."

Ṣẹ̀rífátù lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ohun tí kò sọ fún un ni pé ọmọ Àáfà Sànní ti Ẹ̀pẹ́ ni òun, ẹni tó ń bá mọ́ṣáláṣí àdúgbò wọn wo oṣù ààwẹ̀. Ṣé ó yẹ kó sọ ọ́? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ta ní ń ka ìwé ìran bàbá rẹ̀ fún oníbàárà?

Tapólì náà le, ó sì wúwo. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Tìrìmísíyù ń wá bá a di etí rẹ̀ mú.

"Ọ̀run yìí mà ń pẹ́ o, Ṣẹ̀rífá."

"Ọ̀run ò ṣeé kánjú rán. Bí ó bá ya lé yín lórí ńkọ́?"

Nígbà tí àgọ́ fi parí, àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn ti kọjá tapólì. Tìrìmísíyù ní òun fẹ́ ẹ. Obìnrin náà ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ fún bàbá òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, Ṣẹ̀rífátù jókòó láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé. Iná kú, ìràwọ̀ yọ, ariwo àwọn ọmọ náà sì dákẹ́ wẹ́lo. Omi bọ́ lójú rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ìgbà náà ni Tìrìmísíyù tọ́ka sí ìmọ́lẹ̀ ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn.

"Àgùàlà nìyí. Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ní ìparí ààwẹ̀ ọdún tó kọjá, bàbá kan ní Ẹ̀pẹ́ rí ajá, ó búra pé olówó ajá lòun rí, àdúgbò rẹ̀ sì túnu ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ wò ó. Oṣù ti wọ̀ kí oòrùn tó wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àgùàlà ló rí."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mì. Ṣẹ̀rífátù wá ẹnu ọ̀nà, ó jáde. Tìrìmísíyù sáré bá a nídìí jẹnẹrétọ̀.

"Bàbá mi ni," ó ní. Lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dùn ún jù. Kì í ṣe ẹ̀rín àwọn ọmọ yẹn. Ní sààrì ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ búra, Ṣẹ̀rífátù fi ojú ara rẹ̀ rí oṣù tín-ín-rín ní ìlà oòrùn, ó sì sọ ọ́ fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, bàbá ní òun ti rí oṣù tuntun ní ìwọ̀ oòrùn. Awọ funfun ti ń bo ojú àgbàlagbà náà, kò sì jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ rẹ̀ mọ̀, ó dákẹ́. Ó ti dákẹ́ láti ìgbà náà, kí ojú má baà ti bàbá rẹ̀.

Tìrìmísíyù lọ sí Ẹ̀pẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìròyìn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ìwọ lo ní mo rí ajá?"

"Èmi ni, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ forí jì mí pé mo fi ṣe ẹ̀fẹ̀."

"Ká ní o mọ̀ pé èmi ni, ṣé ìwọ ìbá sọ ọ́?"

Tìrìmísíyù mọ ohun tí ìdáhùn náà lè gbà lọ́wọ́ òun. Ṣẹ̀rífátù wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́.

"Màá sọ ọ́ fún ẹ̀yin nìkan, Bàbá, lórí ìdọ̀bálẹ̀ báyìí. Àmọ́ màá sọ ọ́."

"Kò sí ọmọ fún ọ nílé yìí. Máa lọ."

Ó lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun mọ́. Ó ti ká àgọ́ náà sí abẹ́ ibùsùn nígbà tí Ṣẹ̀rífátù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kan, òun náà ti rù díẹ̀.

"Bàbá ní kí o gbé àgọ́ náà wá."

"Ọkàn wọn ti yọ́?"

"Rárá. Wọ́n ní ẹni tó ní àwọn ṣàṣìṣe, kó wá fi han àwọn. Wọn ò sùn dáadáa mọ́, Tìrìmísíyù."

Wọ́n ta àgọ́ náà sí ẹ̀yìn ilé kéú ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn mẹ́ta péré ló wọlé.

"Ìwọ lo lu agolo yìí," Àáfà Sànní wí. "Ibi tó bá wù ọ́ lo lè lu ú sí."

"Òótọ́ ni, Bàbá. Ẹ fi ohun tí ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wò ó. Bí mo bá purọ́, ẹ̀yin lẹ máa mú mi."

Ó fi tọ́ọ̀ṣì kékeré gbé oṣù sókè. Ó kọ́kọ́ jẹ́ kó tóbi bí àwo ìjẹun. Àgbàlagbà náà na ọrùn.

"Mo rí i," ó ní. Ó ti pẹ́ tí oṣù ti di kùrukùru lójú rẹ̀.

Tìrìmísíyù ń sún un lọ ní sààrì kan sí òmíràn. Oṣù ń di tín-ín-rín, ó ń sún mọ́ oòrùn ní ìlà oòrùn. Ó pòórá. Lẹ́yìn náà ló yọ ní apá kejì, ní ìwọ̀ oòrùn.

"Dúró. Dá a padà sí sààrì." Àáfà Sànní wò ó pẹ́. "Oṣù tó wà ní ìlà oòrùn ní sààrì ò lè dé ìwọ̀ oòrùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Bàbá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, mo fi sílẹ̀." Ó yíjú sínú òkùnkùn. "Ṣẹ̀rífátù, kí lo sọ fún mi ní sààrì ọjọ́ yẹn?"

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn.

"Mo ní oṣù ṣì wà ní ìlà oòrùn, Bàbá."

"Nígbà tí mo wá ń búra ńkọ́?"

"Ẹnu mi ò gbà á. Bàbá mi ni yín."

Àgbàlagbà náà sunkún nínú àgọ́ yẹn, ọmọ rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dìde níwájú gbogbo ìjọ, ó ní òun ló ṣi oṣù mú, pé gbogbo wọn ló jẹ gbèsè ààwẹ̀ ọjọ́ kan. Àwọn kan kùn. Lèmọ́ọ̀mù ní kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fi ọjọ́ tí a ń retí oṣù Ṣàábánì san án. Tìrìmísíyù náà gba ààwẹ̀ náà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò jẹ ọjọ́ kankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ náà, wọ́n dúró létí ọ̀sà. Àáfà Sànní kọjú sí ibi tí oòrùn wọ̀ sí, kò rí nǹkan kan.

"Ṣé ó ti yọ?"

"Ó ti yọ, Bàbá. Ó wà lókè igi àgbọn yẹn, ó tẹ̀ bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n."

"Ìwọ ńkọ́, Ṣẹ̀rífátù?"

"Mo rí i, Bàbá."

Ó mi kanlẹ̀. "Ojú tèmi ti ṣe tirẹ̀. Tiyín ni màá máa fi wò ó báyìí. Àmọ́ àlejò ò lè bá wa wo oṣù ààwẹ̀ níbí."

Àgbàlagbà náà yọ èso dàbínù kan tí a fi ń ṣínu nínú àpò, ó là á sí méjì, ó sì na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ ní Ìwó kí wọ́n wá kí oṣù Ràmádánì tó lé. Àna mi ni mo fẹ́ kó bá mi wò ó."

Ṣẹ̀rífátù ló kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀.