Ògiri Dígí Tín-ín-rín

Ibi tí ọkùnrin oníṣẹ́ dígí kan ti ń fẹ́ èémí sínú dígí gbígbóná ni obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ti kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, òógùn ń kán nímú rẹ̀. Iṣẹ́ làábù ti tán obìnrin náà lókun débi pé ó gbàgbé láti kí i.

"Ìgò dígí oníyàrá méjì ni mo fẹ́, kí ògiri tín-ín-rín wà láàárín wọn. Gáàsì pupa níbí, èyí tí kò láwọ̀ lọ́hùn-ún. Bí mo bá fọ́ ògiri, kí wọ́n pàdé."

"Bí wọ́n bá pàdé ńkọ́, ma?"

"Ìwé sọ pé gáàsì tí kò láwọ̀ yìí kì í bá nǹkan kan pọ̀. Ogójì ọdún ni bàbá mi fi kọ́ ọmọ ilé ìwé bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Mo gbọ́ pé Ànìkàngbé ni wọ́n ń pè yín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ sùn.

Dígí àkọ́kọ́ bàjẹ́. Èémí fi ọ̀rinrin sílẹ̀ nínú rẹ̀, gáàsì pupa kò sì fẹ́ rí omi. Ó jẹ dígí náà títí ó fi ṣú. Gáàsì tó kù kò ju ti ẹ̀ẹ̀kan lọ.

"Èmi ni mo bà á jẹ́," ni oníṣẹ́ dígí wí. Kò ṣàwáwí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi yan èkejì lórí iná kí ọ̀rinrin lè tán. Ànìkàngbé ń gbé tíì wá fún un, ó sì ń jókòó tì í. Lọ́jọ́ kẹta, obìnrin náà gbé orí lé e léjìká, ó sùn lọ. Nígbà tó jí, ó mọ̀ pé òun ti fẹ́ràn ọkùnrin yìí.

"Oníṣẹ́ dígí?" ni bàbá Ànìkàngbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wí nígbà tó sọ fún un. "Ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Ọjọ́ tí gáàsì rẹ bá bá nǹkan pọ̀ ni màá gbà á ní àna."

Bàbá fúnra rẹ̀ wá sí làábù lọ́jọ́ tí wọ́n fi gáàsì méjèèjì sínú dígí èkejì. Ọmọ rẹ̀ fọ́ ògiri àárín náà. Gáàsì pupa pòórá, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn sì lẹ̀ mọ́ dígí. Gáàsì méjèèjì ti bá ara wọn pọ̀.

Bàbá nu awò ojú rẹ̀, ó tún wò.

"Ogójì ọdún," ló wí jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí oníṣẹ́ dígí. "Ó ti rẹ ọmọ mi. Ṣé wàá jẹ́ kó máa sinmi?"

"Èjìká mi nìyí, sà."

Kí Bàbá tó fèsì, Ànìkàngbé ti gbé orí lé e.