Àṣírí Àǹtí Verlene

"Pa nǹkan yẹn ná, Tamira."

Àǹtí Verlene ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun àti ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sí ìloro ilé ní Jọ́jíà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́. Tamira da ojú fóònù rẹ̀ tó ń gba ohùn sílẹ̀ délẹ̀ lórí itan, àmọ́ kò pa á. Ẹ ò rí ọmọ burúkú!

Yunifásítì ló gbà á sínú ètò ìwádìí ìgbà ooru tí wọ́n fi ń ṣèrántí Mísìs Odessa Pruitt, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ dúdú àgbègbè náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ni wọ́n, iṣẹ́ wọn sì ni láti gba ìtàn àwọn àgbà tó mọ obìnrin náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ta yọ ni yóò lọ kàwé sí i ní Bọ́sítìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, Tamira kò rí nǹkan gidi mú bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ̀wà lo ṣì ń bó lọ́dọ̀ màmá àgbà?"

Lọ́jọ́ náà ni Àǹtí Verlene tú ọ̀rọ̀ tó ti gbé mì fún ọdún méjìléláàádọ́rin. Ó lóyún lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mísìs Pruitt fi í pamọ́ sínú yàrá ara rẹ̀, ó ń kọ́ ọ níwèé títí ó fi bímọ. Ìyá Verlene gba ọmọ náà, ó sì ní òun lòún bí i. Ọmọ náà ni Díákónì Lemuel, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí àbúrò Verlene, tó ń fi mọ́tò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọọjọ́ Ìsinmi.

"Kò mọ̀," ni Àǹtí Verlene wí. "Kó má sì mọ̀ títí n ó fi kú."

Nígbà tí Dókítà Mayfield, olùkọ́ wọn, béèrè bóyá màmá àgbà náà gbà kí wọ́n lo ohùn rẹ̀, Tamira ní, "Ó fọwọ́ síwèé, sà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kó tó la ẹnu sọ̀rọ̀ rárá ló ti fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ ìdíje pé. Àǹtí Verlene wọ aṣọ funfun, ó dé àkẹtẹ̀ ńlá, Lemuel jókòó tì í níwájú. Tamira tẹ fóònù, ohùn màmá sì gba gbogbo gbọ̀ngàn kan.

Lemuel yíjú sí i. "Sístà, ṣé ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

Màmá fa àkẹtẹ̀ rẹ̀ bojú. Ọkùnrin náà dìde, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Tamira ló ta yọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Tamira bá màmá ní ìloro, màmá ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán. Mọ́tò Lemuel kọjá, kò tilẹ̀ rọra.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n gbé yín lọ."

"Ìwọ kẹ̀? O ti gbé mi síwájú ayé, o bọ́ mi síhòòhò. Ṣé wọ́n fún ọ lóhun tó o fẹ́?"

"Wọ́n fún mi, mà."

"Ó dáa. Máa gbé e lọ. Má sì padà síbí mọ́ láé."

Oṣù kejì tí Tamira dé Bọ́sítìn ni Lemuel pè é. "A sin màmá mi lánàá. Mi ò fẹ́ kó o wá ni mi ò ṣe tètè sọ." Ó tún ní, "Mi ò pè é ní màmá rí nígbà ayé ẹ̀. Ìbínú ò jẹ́ n lè pè é."

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́: àṣírí ẹni tó fọkàn tán wa kì í ṣe ohun tí a fi ń wá ipò. Tamira rí ipò rẹ̀. Àmọ́ màmá tó yẹ kó bẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ.