Abẹ́rẹ́ fún Orúnkún Àwẹ̀ró

Ní ayé tí ń bọ̀ yẹn, abẹ́rẹ́ kan dé tí kò gùn ju ìka ọmọ ìkókó lọ, tí ó sì lé gbogbo oníṣẹ́-abẹ orúnkún lọ sílé lọ jókòó. Amọríkèé ni wọ́n ń pè é. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe oògùn gan-an. Ẹ̀dá tíntìntín ni, ohun alààyè tí àwọn onímọ̀ ń sìn nínú ìgò bí ẹni sin adìyẹ. Bí wọ́n bá gún un sí oríkèé tí ó ti jẹ, àwọn ẹ̀dá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ eegun rírọ̀ tuntun síbi tí ti àtijọ́ ti pa run. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí pé à ń gbé ènìyàn sùn lórí tábìlì. Arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn tẹ́lẹ̀ á máa lé ewúrẹ́ kiri àgbàlá.

Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ẹ̀dá náà. Wọn kò mọ bí orúnkún ṣe ń ṣiṣẹ́; ẹni tí ó ni orúnkún ni yóò kọ́ wọn. Fún ìgbà díẹ̀, bíi láti ọyẹ́ títí di òjò àkọ́rọ̀, ohun tí orúnkún bá ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wò, ohun náà sì ni wọ́n ń mọ ọ́n fún. Lẹ́yìn èyí wọ́n á gbẹ, wọ́n á le, ó parí nìyẹn.

Ní orí Òkè Ìrì, níbi tí àwọn òpó gíga ti ń gba ìrì inú afẹ́fẹ́ fún àwọn ìlú ìsàlẹ̀ mu, obìnrin kan ṣoṣo ni ó ń gbé. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Tirẹ̀ ni kí ó máa wò wọ́n, kí ó sì pe ìlú bí òpó kan bá dákẹ́. Kò bímọ. Àwọn aládùúgbò ti ṣí lọ sísàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà ì bá sì ti tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n sàréè ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, kò sì lè fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìhòòhò ni Àwẹ̀ró wà láti ọjọ́ pípẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí ó jẹ́ tirẹ̀ láyé, Ọlátóún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí ó ń gbé ní Ìlú Òṣùpá. Ìyá wọn kú nígbà tí Àwẹ̀ró kò tíì hu eyín, Ọlátóún ló pọ̀n ọ́n dàgbà, ó tilẹ̀ kọ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nítorí pé onítọ̀hún ní òun kò fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Nísinsìnyí ó ti darúgbó lórí òṣùpá lọ́hùn-ún, ó sì ránṣẹ́ pé bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ òun ń bọ̀ wálé, kí òun tún fọwọ́ kan àbúrò òun kí òun tó kú. Inú Àwẹ̀ró dùn títí ó fi sunkún. Ẹ̀yìn ẹkún ló wá rántí orúnkún rẹ̀. Méjèèjì ti jẹ, eegun ń lọ eegun bí ẹni lọ ata, kò sì lè kúnlẹ̀ mọ́. Báwo ni yóò ṣe dúró ṣánṣán kí ẹni tó pọ̀n ọ́n, bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ó ránṣẹ́ pe Dókítà Akínbọ̀dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó sì wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá amọríkèé. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà tí ó fi ọkọ̀ afẹ́fẹ́ gòkè wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí ó tó ṣí àpótí rẹ̀.

"Màmá, kò ní dùn yín ju ìgbà tí èèrà bá gé yín jẹ lọ."

"Èèrà wo? Mo ti fi orúnkún yìí sunkún tó. Gún un, jàre. Mo ní ẹni tí mo fẹ́ kí."

Ó gún ọ̀tún, ó gún òsì, ó nu ojú ibẹ̀. Àwẹ̀ró bi í léèrè ohun tí òun yóò máa ṣe.

"Ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ni, Màmá. Ẹ máa rìn, ẹ máa jókòó, ẹ máa gun àtẹ̀gùn. Ẹ ṣáà máa gbé ayé yín bó ṣe wà."

Àwẹ̀ró sì gbé ayé rẹ̀ bó ṣe wà. Ó ń rìn láti òpó dé òpó, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ wo ojú ẹ̀rọ, ó ń jókòó sórí àga jẹun. Orí àga náà ló ti ń gbàdúrà láti ìgbà tí orúnkún ti ń dà á láàmú, ó sì ti mọ́ ọn lára. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó jí, kò gbọ́ ìrora kankan. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yíjú láti sọ fún ẹnì kan, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún.

Ó máa ń rí Ọlátóún lórí dígí-ìpè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnu lásán la fi ń kí ènìyàn lórí dígí. Kò kúnlẹ̀ rárá. Ta ni ì bá kúnlẹ̀ fún? Ọmọlúwàbí kì í déédéé kúnlẹ̀ fún afẹ́fẹ́, àfi bí orí rẹ̀ bá dàrú. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ń fi í pamọ́ ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé Ọlátóún ni orúnkún tuntun náà yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tí ó ku ọ̀la kí ọkọ̀ òṣùpá gúnlẹ̀, Àwẹ̀ró tẹ́ ẹní tuntun sí yàrá àlejò, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ tẹ́ igun rẹ̀ dáadáa. Orúnkún náà ká dé ibi tí ènìyàn ti ń jókòó lórí àga, ó sì dúró. Kò dùn ún. Ó kàn dúró, bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi nǹkan dí lẹ́yìn. Ó di ògiri mú, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, orúnkún kò gbọ́. Ó lọ pe dókítà lórí dígí-ìpè.

Dókítà dé kí oòrùn tó wọ̀. Ó fi ẹ̀rọ awòran wo inú orúnkún náà, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Màmá, ẹ ò kúnlẹ̀ rí láti ìgbà ọyẹ́?"

"Ìwọ lo ní kí n máa gbé ayé mi bó ṣe wà."

"Gbogbo obìnrin tí a gún ní ìlú ló ń kúnlẹ̀, Màmá. Ìyá ọkọ dé, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún bàbá wọn, wọ́n kúnlẹ̀. A ò fi í kún ohun tí à ń sọ fún wọn, torí ta la máa sọ ìyẹn fún? A ò rò ó rí pé ọmọ Yorùbá kan á wà tí..."

"Parí ẹ̀."

"Tí kò ní rí ẹni tó máa kúnlẹ̀ fún."

Àwẹ̀ró ní kí ó tún un ṣe.

"Ó ti le. Ọ̀bẹ nìkan ló lè tú u, kò sì sí ọwọ́ tó mọ ọ̀bẹ yẹn lò mọ́." Ó tún wo orúnkún náà. "Bóyá kí ẹ dọ̀bálẹ̀, Màmá. Mo mọ̀ pé ti ọkùnrin ni, ṣùgbọ́n..."

"Akínbọ̀dé! Kí n na ara mi sílẹ̀ bí ọkùnrin níwájú ẹni tó pọ̀n mí? Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé yìí, ẹ mọ gbogbo eegun tó wà lẹ́sẹ̀, ẹ ò bèèrè ẹni tó ni ẹsẹ̀!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Àwẹ̀ró ń wo bí ara rẹ̀ ṣe lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìlara sì mú un.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ gúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan di Ọlátóún mú sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró rí i pé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọ́. Ọlátóún kò sọ ọ́ lórí dígí, kí ọkàn àbúrò rẹ̀ má bàa gbọgbẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa gbọ́ ẹkún òun. Ó lọ dúró níwájú rẹ̀.

Ọlátóún rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, síbi tí orí obìnrin tí ó kúnlẹ̀ máa ń wà, láti súre. Ọwọ́ náà wá orí títí, kò rí i. Ó wá kan ìró ní ìbàdí Àwẹ̀ró, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú," ó ní, "ta nìyí? Ẹ bá mi pe àbúrò mi."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Àwẹ̀ró mi kì í nàró kí mi."

Àwẹ̀ró wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, abẹ́rẹ́, ọyẹ́, ohun tí dókítà sọ. Ìbínú ló ń retí. Ìbéèrè ni Ọlátóún bi í.

"Láti ọyẹ́ títí di òjò, ẹnì kankan ò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣáájú ọyẹ́ ńkọ́?"

"Bákan náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi náà ò wá," ni Ọlátóún sọ, ó sì bú sẹ́kún. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó tún ń wá orí náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ kò ga ju èjìká lọ. Àwẹ̀ró tẹ ọrùn, ó tẹ ẹ̀yìn, títí ọwọ́ náà fi bà á lórí. Ọ̀fun ń dùn ún, àyà ń dùn ún, ẹ̀yìn ń ro ó. Orúnkún rẹ̀ nìkan ni kò dùn ún.