Ìpín Àkurákudà

Ìtàn yìí kò ní gùn. Mo fi gbogbo ọ̀wọ̀ tó kù lára mi ṣèlérí rẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ká ní irọ́ ni, mi ò bá ti fi nǹkan sí i kó lè dùn.

Zacchaeus, ará Ọ̀kà, sọ pé òun ṣiṣẹ́ ẹja pípa lójú òkun fún ọdún mẹ́rin. Ó ní ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ àkurákudà, tó gùn ju ènìyàn lọ, tí eyín rẹ̀ tò bí eyín ayùn. Bí apẹja bá fi ẹja kékeré tó wà láàyè kọ́ ìwọ̀, àkurákudà á ti gbé e kí ẹja tí wọ́n ń dúró dè tó dé. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ ju ẹja kékeré kan sápá òsì fún un, kó lè gba ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ju ìwọ̀ sápá ọ̀tún.

Eunice ìyàwó rẹ̀ gbọ́ gbogbo èyí, ó sì mọ̀ pé ọkọ òun ò rí òkun rí. Joseph, àbúrò Eunice, ti sọ fún un tipẹ́ pé oko kòkó ní Oǹdó ni òun àti Zacchaeus wà fún ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Eunice fi í sínú. Ọkùnrin tí kì í mutí, tí kì í na ìyàwó, ó yẹ kí wọ́n gbà á láyè irọ́ kan.

Omi kan wà lábẹ́ àpáta lẹ́yìn ìlú. Kò fẹ̀ ju àgbàlá lọ. Níbi tó jìn jù, àyà ló mu ènìyàn. Ẹja àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni Zacchaeus fi ń ju ẹja kékeré sápá òsì kó tó ju ìwọ̀. Á ní, "Baba, tiyín rèé. Ẹ fi tèmi sílẹ̀."

"Bàbá Bọ́lá, àkurákudà wo ló wà ní Ọ̀kà?" Eunice bi í lọ́jọ́ kan.

"Ṣé o ti rí i níbí rí?"

"Mi ò rí i."

"O ò rí i pé ohun tí mò ń ṣe ń ṣiṣẹ́."

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1956, ibà dá Zacchaeus dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n gbé e padà wálé. Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, nọ́ọ̀sì pe Eunice sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí kò bá jẹun, abẹ́rẹ́ nìkan ò lè gbé e dìde. Ọjọ́ márùn-ún kọjá. Ó kọ ẹ̀kọ. Ó kọ iyán. Ó kọ ọbẹ̀ adìẹ. Ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Kí lẹ fẹ́ jẹ?"

Zacchaeus yíjú sí i. "Àrọ̀. Àrọ̀ odò wa."

"Ta ni yóò pa á?"

"Ìwọ. Ó ti tó ọdún mélòó tó o ti ń wò mí?" Ó mí kanlẹ̀. "Má gbàgbé ti àkurákudà."

"Mo ti gbọ́."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn fẹ́ ṣe é ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ bo òkè mọ́lẹ̀. Eunice ò rí àpáta títí ó fi fọwọ́ kàn án. Ẹja kékeré méjì péré ló rí fi igbá bù sínú garawa. Ó wò wọ́n. Méjì. Ọkọ rẹ̀ ń kú lọ nílé. Kò ní fi ọ̀kan ta irọ́ lọ́rẹ.

Ó fi ọ̀kan kọ́ ìwọ̀, ó jù ú sápá ọ̀tún. Ó jókòó.

Àwọn ẹyẹ dákẹ́. Kò tètè fura. Ohun tó kàn mọ̀ ni pé ó ń gbọ́ èémí ara rẹ̀. Òórùn kan dìde lójú omi, òórùn iyọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já àpò iyọ̀ lọ́jà Ìkàrẹ́. Omi wú díẹ̀ láàárín. Ó tún rọlẹ̀. Nǹkan kan ń kọjá lábẹ́ rẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó gùn. Iwájú rẹ̀ ti dé abẹ́ àpáta, ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì kọjá ẹsẹ̀ Eunice tán.

Okùn fà. Eunice fà á padà. Orí àrọ̀ ńlá kan ló jáde, ẹnu rẹ̀ ṣì ń là. Ìyókù ò sí. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e rí wọ́gọwọ̀gọ bí ẹnu ayùn.

Ẹsẹ̀ Eunice fẹ́ sá. Ó ronú kan ọkùnrin tó wà lórí ẹní nílé, ẹsẹ̀ náà sì dúró. Ó mú ẹja kékeré tó kù, ó jù ú sápá òsì.

"Baba, tiyín rèé." "Ọkọ mi ni ara rẹ̀ ò yá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi tèmi sílẹ̀."

Kò sí ìró kankan. Omi wú, ó gba apá òsì lọ. Lẹ́yìn náà, ìgbì kékeré kan rọra ti nǹkan wá sí etí omi, ó gbé e lé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìdajì àrọ̀ ni, láti ọrùn dé ìrù. Eunice gbé e ti orí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bára mu. Ẹnikẹ́ni ò jẹ nínú rẹ̀.

Ó sè é. Zacchaeus jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹran rẹ̀, ó fa orí rẹ̀ mu, ó ní kí wọ́n bu omi ọbẹ̀ kún un.

"Ọ̀bẹ wo lo fi gé e báyìí?"

"Ọ̀bẹ ló kú."

"Ṣé o fún àkurákudà ní tirẹ̀?"

"Mo fún un."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀rín náà di ikọ́. Ó gbé àwo sílẹ̀. "Ìyá Bọ́lá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ. Òkun tí mo ní mo lọ yẹn…"

"Ẹ jẹun, Bàbá Bọ́lá."

"Ọ̀rọ̀ pàtàkì ni."

"Ọbẹ̀ ń tutù."

Ó jẹun. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ń rìn káàkiri ilé, ó ń wá ìwọ̀ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ fi í sínú. Ẹ má sọ ọ́ ní Ọ̀kà. Zacchaeus ṣì ń lọ sídìí omi yẹn láràárọ̀, òun nìkan ló sì dá lójú pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.