Bí Wọ́n Ṣe Bí Mi Nìyẹn

"Kọ́là rèé àbí etí ewúrẹ́?"

Tinúadé ló bi Rùkáyátù bẹ́ẹ̀ nípa ọrùn aṣọ tí Rùkáyátù ń rán, gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì bú sẹ́rìn-ín.

Wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán tí Rùkáyátù fi nawọ́ mú búláòsì Tinúadé lórí tábìlì. Ó ti sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́, ó gé e láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Tinúadé ló fọwọ́ ara rẹ̀ rán búláòsì náà, òun ló fẹ́ wọ̀ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ̀rín dá. Tinúadé ò sunkún, kò sì bú u. Ó ṣa aṣọ rẹ̀ jọ, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Ìyẹn gan-an ló ba Rùkáyátù lẹ́rù. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan.

"Ẹ má bínú, àǹtí," ló sọ fún Àǹtí Morọ́lá, ọ̀gá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ télọ̀ ní Òkóta tí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé Àìná ni mí. Mo gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni. Àwa Àìná ò ní sùúrù. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn."

"Wò ó, Rùkáyá, àyànmọ́ kì í di sísọ́ọ̀sì mú. Ọwọ́ ẹ ni mo rí. Tó ò bá tíì bá Tinúadé parí ẹ̀, má wulẹ̀ wá lọ́la."

Nílé wọn ní Jakande Estate, ìyá bàbá rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Tàjù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò sí ẹni tó gbọ́ ariwo rẹ̀ rí ní gbogbo búlọ́ọ̀kù náà. Rùkáyátù kúnlẹ̀, ó ròyìn ohun tó ṣe.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi délé Tinúadé. Ẹ sọ fún wọn pé Àìná ni mí, pé kì í ṣe ẹjọ́ mi."

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kí lorúkọ mi?"

"Ìyá Tàjù."

"Ṣé Ìyá Tàjù ni wọ́n sọ mí lọ́jọ́ ìkómọ?"

Rùkáyátù ò mọ̀ ọ́n. Ta ní jẹ́ bi ìyá bàbá rẹ̀ léèrè orúkọ?

"Àìná lèmi náà. Díẹ̀ ló kù kí ìwọ́ yẹn fún mi pa."

"Irọ́ ni, Màmá! Inú kì í bí yín."

"Ta ló sọ fún ẹ? Lánàá tó o fi ìkòkò sílẹ̀ láìfọ̀, inú mi ń hó. Ó ṣe mí bíi kí n dé e mọ́ ẹ lórí! Mo bá jókòó, mo ń wò ẹ́ bó o ṣe ń sùn tẹ́nu ẹ là sílẹ̀, ó sì rọlẹ̀. Inú á bíni. Ohun téèyàn máa wá ṣe, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe."

"Ẹ ò wá ní bá mi lọ?"

"Ṣé èmi ni mo gé aṣọ? Ọ̀sán tó o gé e ti lọ, kò sẹ́ni tó lè pè é padà. Ìrọ̀lẹ́ yìí ṣì wà. Dìde, ọkọ mi, kílẹ̀ tó ṣú."

Tinúadé ń fọ ìrẹsì lẹ́yìnkùlé nígbà tí Rùkáyátù débẹ̀.

"Àìná ti dé," ló wí láìgbójú sókè.

"Rárá o. Rùkáyátù ni. Èmi ni mo gé aṣọ ẹ. Mo mọ̀ pé kò dáa, mo sì gé e náà. Jọ̀ọ́, má bínú."

Tinúadé da omi ìrẹsì nù. "Inú ṣì ń bí mi o. Aṣọ àtijọ́ ni mo máa wọ̀ láàárín gbogbo kúáyà."

"Mo mọ̀."

"Tó o bá mọ̀, wá bá mi lọ ata. Ṣùgbọ́n má retí pé mo máa bá ẹ sọ̀rọ̀!"

Rùkáyátù jókòó ti ọlọ. Ata ò tíì kúnná tí Tinúadé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn aládùúgbò wọn kan fún un.

Orúkọ àmútọ̀runwá ń sọ bí ọmọ ṣe wọlé sáyé ni. Bí yóò ṣe gbé ayé náà, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò yàn án.