Ìjókòó Ẹ̀yìn

"Kúnbi, ṣé o ò ní mu omi yìí ni?" Màmá rẹ̀, tó ń ránṣọ lọ́wọ́, gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Mummy, ó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la."

Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ Kúnbi nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkòsì, pásítọ̀ bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ẹni tó ṣe tán láti jìyà nítorí Jésù. Kúnbi ló kọ́kọ́ sáré jáde. Ó kúnlẹ̀, ó sunkún, ó ní òun ti fi gbogbo ayé òun fún un. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn lórí sìmẹ́ǹtì lásán, ó tún wá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìmu omi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún o! Ètè rẹ̀ ti gbẹ, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn sí ara rẹ̀ díẹ̀.

Ohun kan wà tí kò fi lé Jésù lọ́wọ́. Ní oṣù tó kọjá, òun ló gbé ife zobo lé orí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì, tó dà sí i, tí dùùrù fi bàjẹ́. Ó nù ún, ó sì sá lọ. Judith ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, Judith sì ni wọ́n mú. Wọ́n gba aṣọ akọrin lára rẹ̀, wọ́n fi í sí ìjókòó ẹ̀yìn fún oṣù mẹ́ta. Nínú ìjọ wọn, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ẹni tó bá wà níbẹ̀ ti ṣẹ̀. Orin tí Judith ìbá dá kọ lọ́jọ́ Ìkórè, Kúnbi ni wọ́n gbé e fún.

Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ omi náà tán tí Judith fi wọlé pẹ̀lú òòyà.

"Ẹ káàsán, Mummy Kúnbi. Mo wá dirun fún ọmọ yín. Ọ̀la ni Ìkórè o!"

"Judith, ṣé kò dùn ẹ́ bí wọ́n ṣe gba orin yẹn lọ́wọ́ rẹ ni?" Kúnbi bi í.

"Ó dùn mí gan-an. Mo ní èmi kọ́, wọn ò gbà mí gbọ́. Ṣé kí ìwọ náà wá kọrin pẹ̀lú irun wúruwùru ni? Abeg, jókòó."

Judith ń fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ ya irun náà. Ebi ọjọ́ méjì kò dun Kúnbi tó ọwọ́ yẹn. Ó bú sẹ́kún.

"Judith, èmi ni. Èmi ni mo da zobo sí dùùrù."

Judith fi irun náà sílẹ̀. Ó mú òòyà rẹ̀, ó jáde.

Màmá dá ẹ̀rọ dúró. "Ohun tí ò ń fi ààwẹ̀ bò mọ́lẹ̀ nìyí?"

"Mummy, mo fẹ́ jìyà fún Jésù lóòótọ́."

"Mo mọ̀, ọmọ mi." Ó fà á mọ́ra. "Ṣùgbọ́n ìyà tó wù ẹ́ lo mú. Èyí tó tọ́ sí ẹ, ọmọ ọlọ́mọ ló ń bá ẹ jẹ ẹ́. Mu omi, kó o lè rí okun sòótọ́ lọ́la."

"Wọ́n á gba aṣọ lára mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń bọ̀."

"Wọ́n á gbà á. Mi ò sì ní bá ẹ bẹ̀ wọ́n."

Kúnbi gbé ife náà, ó mu ún tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, ó kúnlẹ̀ níwájú Uncle Bartholomew, olórí akọrin, lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó jẹ́wọ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Uncle Bartholomew mi orí.

"O jẹ́ ká fìyà jẹ aláìṣẹ̀, Kúnbi. Bọ́ aṣọ yẹn. Oṣù mẹ́ta, ìjókòó ẹ̀yìn."

"Ẹ ṣé, sà."

Uncle Bartholomew fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Judith, tó sì gbé aṣọ náà wọ̀ ọ́.

Kúnbi rìn lọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Judith kọrin, orin náà dùn, ṣùgbọ́n kò wo ọ̀dọ̀ Kúnbi rárá. Ojú ti Kúnbi, ó dùn ún, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ bí kò ṣe fúyẹ́ rí láti oṣù kan. Ó wá yé e pé fífi ara ẹni fún Kristi kì í ṣe kéèyàn ṣa ìyà tó máa gbé e níyì. Kéèyàn sọ òótọ́ ni, kó sì fara mọ́ ohun tí òótọ́ náà bá mú wá.

Ẹnì kan rọra tì í léjìká. Màmá rẹ̀ ni, tòun ti gèlè Ìkórè. Ó ti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn ìyá ìjọ.

"Mummy, ẹ̀yin ò ṣẹ̀ o."

"Ṣé mo bi ẹ́ ni? Sún, jẹ́ kí n jókòó."